Àwọ̀ Tí Màmá Àgbà Fẹ́ Kú Sí

Ojú Màmá Àgbà rí bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró. Wọ́n dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbé sí àárín pálọ̀, ọwọ́ wọn méjèèjì wà láyà, ẹnu wọn là díẹ̀. Aṣọ funfun tí wọ́n fi bò wọ́n kò funfun mọ́, ó ti di búlúù. Eyín wọn di búlúù. Kòtò abẹ́ ojú wọn jìn bíi pé ẹnì kan fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé. Níta, jẹnẹrétọ̀ ń kùn, àwọn onípákó Bódìjà ń la igi lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n nínú pálọ̀ yẹn, bí ìgbà tí ènìyàn bá ki orí bọ inú kànga ni gbogbo rẹ̀ rí.

Mo mọ̀ pé fíìmù ni wọ́n ń yà. Ojú mi ni wọ́n ṣe to iná. Etí mi ni olùdarí fíìmù ṣe sọ fún Màmá Àgbà pé, "Màmá, tẹ́ ẹ bá ti súre fún ọmọ tán, ẹ kàn dijú, ẹ má mí sókè." Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dijú nínú iná búlúù yẹn, mo pariwo.

"Yéè! Màmá mi ti kú o!"

Màmá Àgbà la ojú kan. "Ta ló kú? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé òkú máa ń gbọ́ ariwo ẹ ni?"

Àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù bú sẹ́rìn-ín, Màmá Àgbà náà rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi, tí wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, yí padà, wọ́n sì jáde. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì gbá.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ilẹ̀kùn yẹn fi gbá, nítorí pé láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó, mo sì máa ń bẹ̀rù pé tí mi ò bá ṣàlàyé rẹ̀ tán, kò ní yé ẹnikẹ́ni.

Màmá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Ṣakí ni wọ́n ti bá ọkọ wọn wá sí Ìbàdàn nígbà tí ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ilé tí àwọn méjèèjì kọ́ sí Bódìjà náà ni gbogbo wa sì ń gbé. Òórùn òrí kì í kúrò lára wọn. Bí wọ́n bá gbá mi mọ́ra, òórùn náà á tẹ̀ lé mi dé ilé ìwé. Wọn kì í jẹ́ kí a tan iná lọ́sàn-án. Wọ́n á ní, "Ta ló ń tan iná nígbà tí Olúwa ò tíì pa tirẹ̀?" Oòrùn ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé yí ilé ká. Láàárọ̀, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni àpótí wọn máa ń wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, tí òkúta wẹ́wẹ́ á máa dún nínú abọ́ irin. Bí oòrùn bá yí, wọ́n á gbé àpótí, wọ́n á yí tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti dé ẹ̀bá fèrèsé pálọ̀ tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n á máa ṣẹ́ ẹ̀fọ́, wọ́n á máa kọrin ìjọ lábẹ́ ohùn.

Ẹsẹ̀ wọn ni mo máa ń jókòó sí. Mo ti kékeré mọ̀ pé ojú wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Ojú tàárọ̀ jẹ́ ojú ẹni tó fẹ́ rán ènìyàn níṣẹ́. Tọ̀sán le koko, gbogbo ìlà rẹ̀ á hàn bí ilẹ̀ tí òjò ò rọ̀ sí. Ṣùgbọ́n tìrọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ti pọ́n, tó wá ń wọ pálọ̀ ní ìdúbùú, ojú ẹni tó lè dárí jini ni. Mo máa ń sá fún wọn láàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń lọ tọrọ nǹkan.

Inú pálọ̀ yẹn náà ni Bàbá Àgbà, ọkọ wọn, ti papòdà, nígbà tí mi ò tíì gbọ́n. Bàbá mi ò sí nílé. Wọ́n ti jáde lọ wá oògùn kan. Wọ́n wá a dé Mọ́kọ́lá, wọn ò rí i, wọ́n wá a lọ sí Ring Road. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, àwọn aládùúgbò ti ti gbogbo fèrèsé, wọ́n ti fa kọ́tìnì, wọ́n ti da aṣọ bo Bàbá Àgbà. Wọ́n ní oògùn náà ṣì wà lọ́wọ́ bàbá mi nígbà tí wọ́n dúró sínú òkùnkùn yẹn. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kì í jókòó sí pálọ̀. Wọ́n á gbà á kọjá bí ẹni tó fẹ́ sọdá títì. Bí Màmá Àgbà bá sì ti bẹ̀rẹ̀ pé, "Ọkọ mi, ọjọ́ tí mo bá lọ," bàbá mi á ti dìde.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ máa pẹ́ fún wa."

"Mo ti pẹ́ ná. Ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ."

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn."

Ọjọ́ mìíràn náà ò dé. Mo rò pé kì í ṣe ikú ló ń da Màmá Àgbà láàmú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ tó jẹ́ ti bàbá mi, bàbá mi ò sì dúró gbà á. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn á gbé e lọ.

Ọmọ ìjọ wa ni olùdarí fíìmù náà. Ó wá bẹ bàbá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lo pálọ̀ náà ní ọjọ́ Sátidé kan. Bàbá mi gbà, bóyá nítorí pé wọn ò ka pálọ̀ náà sí tiwọn mọ́. Ni àwọn onífíìmù bá dé, wọ́n kó wáyà, wọ́n kó irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n kó aṣọ dúdú tí wọ́n fi bo fèrèsé. Olùdarí so tówẹ́ẹ̀lì mọ́rùn bí ẹni tó fẹ́ lọ wẹ̀. Ọkùnrin gíga kan ló ń to iná fún un, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní àpò kan tó kún fún ọ̀rá aláwọ̀ oríṣiríṣi, èyí tí wọ́n ń nà bo ojú iná kí iná lè gba àwọ̀ rẹ̀. Ó fún mi ní méjì kí n fi ṣeré. Mo fi èyí tó pupa wo adìẹ tó wà lábẹ́ igi máńgòrò wa, ó dà bíi pé inú ń bí adìẹ náà. Mo fi búlúù wò ó, ó dà bíi pé ó ń ṣọ̀fọ̀.

"Adìẹ kan náà ni o," ni oníná wí. "Ìwọ lo yí padà."

Nígbà tó yá, fóònù olùdarí dún. Ìyá àgbà òṣèré tó yẹ kó wá ṣe ìyá tó ń kú lọ ló pè. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn ò lè kúrò ní Òṣogbo. Olùdarí di orí mú. Ẹ̀bá fèrèsé ìdáná ni Màmá Àgbà wà tí wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Kí ni ìyá náà fẹ́ ṣe nínú fíìmù yín?"

"Wọ́n máa súre fún ọmọ wọn, mà, wọ́n á wá kú."

"Ìyẹn náà ni? Mo lè kú."

Ìwé ìròyìn bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. "Màmá! Ẹ ò ní fi ara yín ṣe òkú nínú ilé yìí! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ìyá ìjọ!"

"Ẹni tó bá ṣe ọlọ́pàá nínú fíìmù, ṣé wọ́n máa ń fún un níbọn gbé lọ sílé ni?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà," ni olùdarí wí, ó ti dọ̀bálẹ̀ tán. "A ní àṣà kan nídìí iṣẹ́ yìí. A kì í pa kámẹ́rà lórí òkú. Ẹni tó bá ṣe òkú gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà ká tó pa á. Ẹ̀rín ni wọ́n á fi parí, sà."

Kí bàbá mi tó wí nǹkan mìíràn, Màmá Àgbà ti lọ fi òrí para.

Bí wọ́n ṣe dé orí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn, tí iná búlúù fi bò wọ́n, tí mo fi pariwo, tí ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì fi gbá. Màmá Àgbà dìde jókòó. Ẹ̀rín ti tán lójú wọn.

"Ẹ pa iná yìí fún mi."

"Ó dáa gan-an o, Màmá," ni olùdarí wí. "Búlúù yìí ló máa pa wọ́n lẹ́kún. Ẹ ò rí ọmọ yín bó ṣe ké ni?"

"Ọmọ mélòó ni ìyá inú fíìmù yín bí?"

"Márùn-ún, mà. Gbogbo wọn ló yè."

"Ó rí ọmọ-ọmọ?"

"Ó rí i dáadáa, mà."

"Kí ló wá ṣe fún yín tẹ́ ẹ fi rì í sínú aró? Bí ọmọdé bá kú, ẹ tan èyí. Ọ̀fọ̀ nìyẹn. Arúgbó tó jẹun ayé yó, ilé ló ń lọ. Ṣé bí wọ́n ṣe ń lọ sílé nìyí?"

Oníná rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Olùdarí ò rẹ́rìn-ín. Ó tú tówẹ́ẹ̀lì ọrùn rẹ̀, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Òótọ́ lẹ sọ, mà. Àmọ́ ìyá tèmi náà dàgbà dáadáa kí wọ́n tó lọ. Wọ́n pa màlúù, wọ́n jó, gbogbo ayé ń sọ fún mi pé òkú ayọ̀ ni. Inú tèmi dúdú, mà. Kì í ṣe ọjọ́ orí ìyá ni mò ń tan iná sí. Ọkàn ọmọ ni."

Màmá Àgbà fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Pẹ̀lẹ́. Kú àìsùn ọjọ́ náà lọ́hùn-ún." Lẹ́yìn náà, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà tí bàbá mi gbà jáde. "Ọkàn ọmọ náà ni èmi náà ń wí. Iná tẹ́ ẹ tàn yìí, ọmọ ò lè wọ inú rẹ̀. Ṣebí ó lé tèmi jáde. Ẹ tan èyí tí ọmọ á lè wọlé sí."

Olùdarí gbé ojú sókè wo oníná. "Ti búlúù ti wà lọ́wọ́ wa," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká ya òmíràn sí i. Èyí tó bá wọ̀ jù la máa lò."

Oníná ti ń tú ọ̀rá búlúù kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ká aṣọ dúdú kúrò lójú fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ó mú ọ̀rá kan tó dà bí ìyeyè pípọ́n àti òmíràn tó pọ́n díẹ̀ jù ú lọ, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Kò tan iná náà sí Màmá Àgbà lójú. Pátákó funfun kan ló tan án sí, kí ìmọ́lẹ̀ lè ti ibẹ̀ padà wá bá wọn jẹ́jẹ́.

Mo ń gbìyànjú láti ṣàpèjúwe rẹ̀ láìfi kún un. Kòtò abẹ́ ojú wọn kún. Òrí tí wọ́n fi para wá ń dán ní eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìlà ojú wọn kò parẹ́, ṣùgbọ́n ó dàbí ìlà tí ẹ̀rín fà, kì í ṣe èyí tí ìyà fà. Aṣọ funfun gba àwọ̀ wàrà. Ẹni kan náà, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan nǹkan lára wọn. Àmọ́ ẹ̀rù tó ká mi lọ́wọ́ kò láti ẹ̀ẹ̀kan tú. Mo fẹ́ gun bẹ́ẹ̀dì lọ bá wọn.

"Lọ pe bàbá rẹ," ni Màmá Àgbà wí fún mi. "Sọ pé ìrọ̀rí mi ò dáa. Òun ló mọ bó ṣe máa ń tò ó."

Mo bá bàbá mi nínú ọkọ̀ wọn, tí wọ́n jókòó láìtan án. Nígbà tí mo jẹ́ iṣẹ́ náà, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n lè kọ̀ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú, ṣùgbọ́n wọn ò lè kọ ìrọ̀rí ìyá wọn. Wọ́n to ìrọ̀rí náà, wọn ò wo ojú Màmá Àgbà. Bí wọ́n ṣe fẹ́ padà, Màmá Àgbà sọ fún olùdarí pé, "Ẹ bẹ̀rẹ̀." Wáyà ti dí ọ̀nà. Bàbá mi fara ti ògiri lẹ́yìn kámẹ́rà, ẹ̀gbẹ́ wọn ni èmi náà wà.

Òṣèré tó ń ṣe ọmọ kúnlẹ̀. Màmá Àgbà súre fún un bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n dijú. Wọn ò dijú.

"Ọkọ mi, ọjọ́ tí bàbá rẹ lọ, o ò sí nílé. Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́."

Òṣèré náà ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Kò bínú sí ọ. Ó ní, 'Ọmọ yẹn ti jáde lọ wá nǹkan fún mi.' Ó ń fi ọ́ yangàn ni. Fèrèsé yìí wà ní ṣíṣí, oòrùn wà lójú rẹ̀, bó ṣe lọ nìyẹn. Ìgbà tó lọ tán ni wọ́n tó wá fa kọ́tìnì. Òkùnkùn tí o bá nílé, bàbá rẹ ò kú sínú rẹ̀."

Ọwọ́ bàbá mi wà léjìká mi. Wọ́n yíjú sí fèrèsé tí Màmá Àgbà ń wí.

"Tó bá kan èmi, ẹ gbé mi lọ sí Ṣakí lójú ọ̀sán, ẹ tẹ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ. Má sáré wá oògùn kiri. Jókòó tì mí."

Wọ́n wá dijú.

Kò sẹ́ni tó mira. Gbogbo wa ń retí ẹ̀rín tó yẹ kí wọ́n fi parí. Ẹ̀rín ò dé. Kámẹ́rà ń yà lọ. Olùdarí wo oníná, oníná ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo tún fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rù tí mo lè fi pa á. Ni bàbá mi bá gbé ẹsẹ̀ sọdá wáyà. Wọ́n wọ inú ìmọ́lẹ̀ náà, ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọn gba àwọ̀ rẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ ti òṣèré yẹn, òṣèré náà sún fún wọn.

"Ìyá mi," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà ni ẹkún dé. Mi ò rí i kí bàbá mi sunkún rí. Mo rò pé ẹkún ọjọ́ tí wọ́n mú oògùn dé ni.

Màmá Àgbà jẹ́ kí wọ́n sun ún díẹ̀. Wọ́n wá na ọwọ́, wọ́n gbá wọn lórí fẹ́ẹ́rẹ́. "Ìwọ yìí, o ti ba fíìmù onífíìmù jẹ́." Wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó gbọn bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ pa á," ni olùdarí wí. Tówẹ́ẹ̀lì wà lójú tirẹ̀ náà.

Nígbà tí fíìmù jáde, ti búlúù ni wọ́n lò. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ lo èkejì, ọmọ méjì ló kúnlẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò wá wò ó nílé wa, wọ́n sunkún gan-an. Màmá Àgbà ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ wo bí mo ṣe burẹ́wà!" Inú pálọ̀ ni bàbá mi ti wò ó, lórí àga, tí wọ́n fẹ̀yìn tì.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Màmá Àgbà lọ lóòótọ́. Òwúrọ̀ ni. Bàbá mi ò sáré lọ síbì kankan. Wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Ṣakí lójú ọ̀sán bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ.

Mo ti kàwé jáde báyìí. Yàrá kan ni mo gbà sí Àgbọ́wọ́, iná ni mo sì ń bá wọn tò níbi fíìmù kéékèèké àti fídíò ìgbéyàwó, ní Challenge àti káàkiri. Mi ò tíì mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni tàbí mo kàn ń tan ara mi. Wọ́n á ní, "Àǹtí oníná, ibi tó ń bani nínú jẹ́ nìyí, ẹ fi búlúù sí i." Mo máa ń fi sí i. Mi ò bá búlúù jà, mo rántí olùdarí yẹn àti ìyá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ẹni tí a fẹ́ kó wọlé. Àwọn kan rò pé mò ń fi àsìkò wọn ṣòfò, wọn kì í pè mí mọ́. Nígbà mìíràn, mo máa ń bẹ̀rù pé ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ yẹn ò pọ́n tó bí mo ṣe ń rò ó, pé èmi ni mo ń tan án sí i lọ́dọọdún. Mi ò ní ohun tí mo lè fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá mi wá wò mí. Wọ́n jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí mo ní, wọ́n mu omi, wọ́n béèrè nípa iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ife sílẹ̀.

"Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bá ẹ sọ," ni wọ́n wí, "nípa ọjọ́ tó bá kan èmi náà."

Ó ti wà lórí ahọ́n mi pé, ẹ máa pẹ́ fún wa, Dádì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Fóònù mi ń dún, iṣẹ́ tí mo ti ń retí ni. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sún mọ́ wọn.

"Ẹ máa wí, sà," ni mo sọ. "Mi ò lọ síbì kankan."